Oòrùn Ń Ṣípò, Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀fọ́ Náà Ṣípò

Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ kún gúúsù ìlú Kàdúná. Títí dòní, ní àdúgbò Makera níbẹ̀, ilé fara ti ilé. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló kù, lẹ́bàá ògiri tí oòrùn kì í pẹ́ lára rẹ̀.

Ògiri yẹn gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejìlá, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán fì sí; ògiri tó ga ní mítà 2 a máa ta òjìji tó lé ní mítà 1 sí apá àríwá. Ní àárín oṣù Kẹrin, oòrùn á dé àtàrí. Bó bá fi máa di oṣù Kẹfà, ó ti fì sí àríwá, òjìji sì ti bọ́ sí òdìkejì. Ibi tó ṣókùnkùn nígbà ọyẹ́ lè rí oòrùn nígbà òjò. Ebè ò lè kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeé gbé. Lójú tèmi, àǹfààní yìí ju ti ajílẹ̀ lọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń sọ omi àti afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Tòmátì àti ata tó ní èso láti bọ́ ń fẹ́ oòrùn wákàtí 6 ó kéré tán; ẹ má fìyà jẹ wọ́n níbi ìbòòji. Tẹ̀tẹ̀, alayyahu àwọn Hausa, ewé lásán la ń jẹ lára rẹ̀, síbẹ̀ oòrùn gangan ló fẹ́. Gbúre ló mọ ìbòòji gbé. Gé ọ̀pá rẹ̀ kan, fi gún ilẹ̀, á hù. Ẹfinrin náà á fara dà á. Bí ẹ bá kun ògiri ní funfun, ìmọ́lẹ̀ á tún ta padà sára wọn.

Omi àpọ̀jù ló sábà ń pa ohun ọ̀gbìn ibi ìbòòji. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tètè gbẹ, gbòǹgbò sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ lu ihò sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín. Ẹ má lo bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rọ kẹ́míkà sí rí.

Nínú yàrá, ewéko ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní snake plant, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, ò béèrè púpọ̀: òru ló ń ṣí ihò ara rẹ̀ láti mí, kí omi má baà tán lára rẹ̀ lọ́sàn-án. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo ewé, á sì gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń rí. Ẹ máa fi aṣọ tútù nù ún.