Bí Àfókà Ṣe Ń Dé Ọjà Ilẹ̀ Faransé

Ní ọjà Kétu tàbí Pọ̀bẹ̀, ẹ máa ń rí àfókà tí àwọn ìyá wa kó jọ ní òkìtì òkìtì. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní píà. Èdè Faransé ni orúkọ tiwa ti wá, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe agbẹjọ́rò níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni bí èso yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní igi rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ilẹ̀ Faransé. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí àfókà ṣe dáadáa. Díẹ̀ ń so ní erékùṣù Kọ́síkà, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Síbẹ̀ àwọn ará Faransé wà lára àwọn tó ń jẹ àfókà jù ní Yúróòpù, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò ni wọ́n sì ń rí i rà. Bí àkókò rẹ̀ bá parí ní ilẹ̀ kan, ilẹ̀ mìíràn á gbà á. Nígbà òtútù wọn, Sípéènì, Ísírẹ́lì àti Mòrókò ń kó tiwọn wá. Láti bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹsàn-án, Pérù ló ń kó púpọ̀ wá, Kẹ́nyà àti Gúúsù Áfríkà náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí èbúté Rotterdam ní ilẹ̀ Hóláńdì, kí ó tó wọ mọ́tò lọ sí ọjà ńlá bíi Rungis, lẹ́bàá Paris.

Báwo ni èso tútù ṣe ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í rà? Àfókà ń gbó lórí igi, ṣùgbọ́n kì í rọ̀ lórí igi. Ọjọ́ tí ẹ bá ká a ni kíka ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ká a, wọ́n á gbé e sínú òtútù, bíi dìgírì 5 tàbí 6. Kọ̀ǹténà tó ní ẹ̀rọ òtútù ni wọ́n fi ń gbé e kọjá òkun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òtútù yìí ló ń mú kí èso náà sùn. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, èso á jí, á sì rọ̀ kí ó tó dé.

Bí ó bá dé, wọ́n á gbé e sínú yàrá tó móoru díẹ̀, wọ́n á sì tú afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ etilẹ́ènì sí i. Ẹ má rò pé oògùn àjèjì ni. Afẹ́fẹ́ yìí ni èso ń tú jáde fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń fi àpò bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ó lè tètè pọ́n, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó sé afẹ́fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ inú àpò.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò gbó, kò sí yàrá tó lè tún un ṣe. Ara rẹ̀ á hunjọ, á le bíi rọ́bà. Èmi náà ra mẹ́ta irú rẹ̀ rí, mo tọ́jú wọn títí, mo dà wọ́n nù. Owó tó máa ń dára ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò ló ń mú kí àwọn kan sáré ká a. Nítorí èyí, ìjọba Kẹ́nyà a máa dá kíkó àfókà lọ sókè òkun dúró ní òpin ọdún, títí yóò fi gbó. Ọ̀nà wà láti mọ̀ bí ó bá gbó. Wọ́n á wọn gíráàmù 100 ẹran èso náà, wọ́n á sá a gbẹ pátápátá, wọ́n á tún un wọ̀n. Fún irú tí à ń pè ní Hass, ohun tó kù kò gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 21.

Hass yìí ló gba ọjà Yúróòpù. Rudolph Hass, ẹni tó ń pín lẹ́tà ní Kalifóníà, ni igi àkọ́kọ́ hù lóko rẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1935. Láti ara igi kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo Hass ayé ti wá. Ìyá igi náà kú ní 2002. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì ń dúdú bí ó bá ń rọ̀, ẹni tó ń rà kò ní láti máa tẹ̀ ẹ́ kiri. Tiwa tó tóbi, tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtútù ọkọ̀ tètè ń bà á jẹ́.

Ẹ wo páálí rẹ̀, ẹ̀yin tó ti mọ nọ́ńbà kà. Kílò 4 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ni iye èso inú rẹ̀. 16 túmọ̀ sí pé èso kan tó gíráàmù 250. 20, gíráàmù 200. Nọ́ńbà tó ga, èso kékeré ni. Àgbẹ̀ tí kò mọ èyí lè rò pé 24 sàn ju 16 lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í dá iye owó kí ọkọ̀ tó ṣí. Oníṣòwò á tà á tán, á yọ owó ọkọ̀, owó yàrá òtútù àti èrè tirẹ̀, èyí tó kù ló ń padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ní ìparí 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ ní Òkun Pupa. Ní 2024, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Mombasa bọ̀ ní láti yí gbogbo ìsàlẹ̀ Áfríkà ká, èyí sì fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kún ìrìn wọn. Èso tó rọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ara owó àgbẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́.