Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Àpò Ìlú?

Lọ́dọọdún, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti pa ìwé owó rẹ̀ dé, ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì Kọ́párétíìfù a máa yẹ ìwé náà wò, tàbí kí ó fi àṣẹ fún ẹlòmíràn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ọ́dítọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó sì pọn dandan, ṣùgbọ́n owó tí a ti ná tán ni ó ń wò. Bí ẹgbẹ́ bá ti lọ ra ọkọ̀ akẹ́rù tí kò lè gbé koko dé ọjà, ọ́dítọ̀ lè sọ fún wa pé rìsíìtì rẹ̀ pé. Kò lè sọ ọkọ̀ náà di tuntun. Ta ni ó yẹ kí ó ti béèrè ọ̀rọ̀ kí owó tó jáde lápò?

Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, òfin ti dáhùn ìbéèrè yìí fún àwọn ìlú. Ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ owó wò kí a tó ná an, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kì í sì í gba owó oṣù. A fẹ́ ṣàlàyé bí ìgbìmọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, pàápàá bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn tuntun sí i nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Massachusetts wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, Boston sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ìlú ńlá àti kékeré tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ 351. Àwọn kan ní olórí ìlú àti àwọn ọmọ káńsù tí a dìbò yàn, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń fi ìpàdé ìlú ṣe àkóso. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ẹgbẹ́ rẹ̀ rí kò ní pẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Ní àwọn ìlú kéékèèké, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò ni ó lè wá kí ó sì na ọwọ́ sókè. Ní àwọn tí èrò wọn pọ̀, ará ìlú a yan àwọn aṣojú tí yóò bá wọn jókòó. Brookline ni ó kọ́kọ́ gba irú èyí ní Massachusetts, ní ọdún 1915. Àwọn ará Brookline ti ju 60,000 lọ lónìí, síbẹ̀ wọn kò fi ìpàdé ìlú sílẹ̀. Ìpàdé yìí ni ó ń fọwọ́ sí owó tí ìlú yóò ná lọ́dún, láti July 1 títí di June 30. Àwọn tí ń bójú tó iṣẹ́ ìlú láàárín ìpàdé kan sí èkejì ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ, tí ó sábà máa ń jẹ́ ènìyàn 3 tàbí 5 tí a dìbò yàn.

Nísinsìnyí, ẹ rò ó wò. Nọ́ọ̀sì tí ó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tàbí awakọ̀ tí oorun ń kùn, báwo ni yóò ṣe ka ìwé ìṣúná tí ó nípọn bí Bíbélì kí ó tó lọ dìbò? Nítorí èyí ni òfin ìpínlẹ̀ náà, ní orí 39, ṣe pàṣẹ pé ìlú tí iye dúkìá rẹ̀ bá ju 1,000,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ ṣe òfin tí yóò gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa yẹ ọ̀ràn ìlú wò kí ó sì máa gba ìpàdé nímọ̀ràn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ìgbìmọ̀ Ìṣúná ni ó wọ́pọ̀ jù. Ní Wellesley àti Brookline, Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn ni wọ́n ń pè é. Iye wọn náà kò dọ́gba: 9 ni ti Lexington, 15 ni ti Wellesley, ti Brookline sì wà láàárín 20 sí 30.

Ìgbìmọ̀ yìí kò lè gba ènìyàn síṣẹ́, kò lè lé ènìyàn kúrò níṣẹ́, kò sì lè ra abẹ́rẹ́. Ohun tí ó ní ni ẹnu. Gbogbo ọ̀ràn tí a fẹ́ dìbò lé lórí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìpè ìpàdé, tí a gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìta gbangba ó kéré tán ọjọ́ 7 kí ìpàdé ọdọọdún tó wáyé. Lórí ọ̀ràn owó inú ìwé yìí, ìgbìmọ̀ a sọ tirẹ̀: ẹ gbà á, ẹ má gbà á, tàbí ẹ dín in kù, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ìpàdé lè kọ ìmọ̀ràn wọn, ó sì máa ń kọ̀ ọ́ nígbà mìíràn. Àpò kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí í ṣe owó ìpamọ́ fún ọ̀ràn àìròtẹ́lẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ilé àti ilẹ̀ tí ìlú gbà ní ọdún tí ó kọjá. Bí ẹ̀rọ tí ń mú ilé-ẹ̀kọ́ móoru bá bàjẹ́ láàárín òtútù oṣù kejì, kò sí àyè láti dúró de ìpàdé. Ìgbìmọ̀ ni yóò dìbò pé kí a mú owó níbẹ̀.

Ẹnu lásán kọ́ ni ẹnu yìí, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1980. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn olùdìbò Massachusetts fi ìbò gbé òfin kan kalẹ̀ pé àpapọ̀ owó orí ilé àti ilẹ̀ tí ìlú lè gbà kò gbọdọ̀ fi ju 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láti ọdún kan sí èkejì, yàtọ̀ sí èyí tí ilé tuntun bá mú wọlé. Ìlú tí ó bá ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gbé e lọ sínú àpótí ìbò kí ará ìlú tó pọ̀ jù sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí a sọ pé ìlú kan ń gba 20,000,000 dọ́là. Àfikún tí ó lè gbà lọ́dún tí ó ń bọ̀ kò ju 500,000 lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ní 400,000 ni òun ń fẹ́ kún tòun. Àwọn panápaná ń béèrè 150,000, àwọn tí ń tún ọ̀nà ṣe sì ní àwọn kò lè gba ohun tí ó dín sí 200,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 750,000. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ jalè. Owó ni kò tó. Níbo ni 250,000 yóò ti kúrò? Ṣé tíṣà ni a ó dín kù ni, àbí a ó jẹ́ kí ihò ojú ọ̀nà máa gbilẹ̀, àbí a ó bẹ ará ìlú kí wọ́n fi ìbò fi kún owó orí, títí kan opó tí kò ní ju ilé tí ó ń gbé lọ? Èyí ni iṣẹ́ àwọn tí kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí yíyàn. Sáà wọn kì í ju ọdún 3 lọ, wọ́n sì máa ń pín in kí gbogbo wọn má baà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè lè ṣí nígbà tí sáà ẹnì kan bá pé, tàbí bí ẹnì kan bá kó kúrò nílùú, tàbí tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìlú a kéde pé a ń wá ènìyàn, ẹni tí ó bá fẹ́ a sì kọ̀wé. Ta ni yóò yàn nínú wọn? Ní àwọn ìlú kan, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni. Ní àwọn díẹ̀, ará ìlú ni yóò dìbò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú, alága ìpàdé ìlú ni ó ń yàn wọ́n.

Lójú tèmi, ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ètò yìí nìyẹn. Alága ìpàdé ìlú, ẹni tí a dìbò yàn, kì í ná owó. Kì í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá, kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti darí ìpàdé, láti sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó sì ka ìbò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yàn kò jẹ ẹnikẹ́ni tí ń ná owó ní gbèsè ọpẹ́. Tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ni ó yan ẹni tí yóò béèrè ìdí tí a fi fẹ́ ra ọkọ̀, a ti mọ irú ìbéèrè tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àléébù rẹ̀ wà o: ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń yàn, ẹnì kan ṣoṣo sì lè máa yan kìkì àwọn ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò rẹ̀. Alága tí ó mọ iṣẹ́ a bi alága Ìgbìmọ̀ Ìṣúná léèrè irú ìmọ̀ tí ó kù wọ́n kù, a sì wò ó bóyá gbogbo wọn ti apá kan ìlú wá.

Irú ènìyàn wo ni wọ́n ń wá? Ọ̀pọ̀ rò pé akáǹtáǹtì nìkan ni. Akáǹtáǹtì wúlò, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó jẹ́ akáǹtáǹtì pátápátá yóò mọ iye owó láìmọ ohun tí ó ń rà. Ẹni tí ó ti kọ́lé rí mọ̀ bí iye owó òrùlé bá ti pọ̀ jù. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì tí ọmọ pọ̀ sí. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé kí ó ní àyè, nítorí láti oṣù kìíní títí di àkókò ìpàdé ọdọọdún, ìpàdé alaalẹ́ lè tẹ̀ lé ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwé kíkà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó sì lè béèrè ọ̀rọ̀ láì bú ènìyàn. Ẹni tí ó wá nítorí ohun kan ṣoṣo, bóyá láti gbẹ̀san lára ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí láti rí i pé a kọ́ pápá ìṣeré tí ọmọ rẹ̀ ń fẹ́, yóò dá wàhálà sílẹ̀ ju iṣẹ́ lọ.

Bí a bá ti yàn án, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìlú ni yóò lọ láti búra. Ó lè yà yín lẹ́nu pé àìgbowó-oṣù rẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin. Orí 268A nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà de ẹni tí ń gba owó àti ẹni tí kò gbà. Kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ tó 50 dọ́là nítorí ipò rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá jẹ́ tíṣà nílé-ẹ̀kọ́ ìlú náà, tí ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn tíṣà bá dé, kò gbọdọ̀ dá sí i, kò sì gbọdọ̀ dìbò. Èyí tí ó dára jù ni kí ó dìde kúrò nínú yàrá náà. Òfin ìpàdé gbangba tún wà: a gbọ́dọ̀ kéde ìpàdé ní wákàtí 48 ṣáájú, láìka ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹnikẹ́ni lè wá jókòó kí ó gbọ́. Àwọn tí iye wọn tó láti ṣe ìpàdé kò sì gbọdọ̀ máa fi ìméèlì jíròrò ọ̀ràn ìgbìmọ̀ láàárín ara wọn. Ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́ kò sí níbẹ̀.

Ẹni tuntun kì í ṣáà dá wà. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ní ẹgbẹ́ tiwọn lábẹ́ Ẹgbẹ́ Àwọn Ìlú Massachusetts, ẹgbẹ́ náà sì ti tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà fún wọn. Nílé, ó wọ́pọ̀ kí a fún un ní ẹ̀ka iṣẹ́ kan tàbí méjì láti máa tọ̀: panápaná fún ẹnì kan, ilé ìkàwé fún èkejì. Yóò lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, yóò wo ohun tí ó ń béèrè, yóò sì wá ròyìn. Láàárín ọdún àkọ́kọ́, ìbéèrè rẹ̀ tí ó dà bí ti òpè a máa wúlò gan-an: kí ni a rà pẹ̀lú owó èyí ní èṣín? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá fún yín?

Ìṣòro tí ó le jù kì í ṣe ti olè. Àìrí ẹni tí yóò wá ni. Bí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 9 bá ní àyè 3 tí ó ṣófo, àwọn 6 ni yóò pín iṣẹ́ gbogbo ẹ̀ka láàárín ara wọn. Bí ẹni 2 bá ṣàìsàn lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn 4 kò ní tó ṣe ìpàdé. Àwọn tí ń ná owó kò ní dúró dè wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lè yẹ ẹgbẹ́ tiyín wò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ìgbìmọ̀ alábòójútó lórí ìwé, ṣùgbọ́n ta ni ó dárúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ààrẹ àti akápò ni, ẹ lè gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbòò pé kí ẹlòmíràn tí kì í ná owó máa dárúkọ wọn, kí sáà wọn má sì parí lọ́jọ́ kan náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wo òfin inú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí àtúnṣe bá wọ inú òfin náà, ẹ fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Kọ́párétíìfù, nítorí kò tíì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ títí wọn yóò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.