Ọmọ ń bì: ṣé agolo wàrà ni ká pààrọ̀?

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi obìnrin ni. "Àǹtí mi, ó tún ti bì o. Gbogbo wàrà tó mu pátá ló dà sí mi láyà." Mo ń gbọ́ igbe ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, àkọ́bí wọn. Ìyá wa wà n'Ibadan, èmi ni mo sún mọ́ wọn jù, nítorí náà bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí ni mo gba Auckland Park lọ.

Ẹni tó bá mọ Johannesburg á mọ àdúgbò náà. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n SABC wà, ibẹ̀ náà ni ọgbà Kingsway ti University of Johannesburg wà. Tọkọtaya ọ̀dọ́ tó wá kàwé tàbí tó wá ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jìnnà sí ìyá àti ìyá ọkọ. Ọmọ dé, kò sí àgbà kankan nínú ilé tó máa wò ó tí á sọ pé, "Fọkàn balẹ̀, bí ìwọ náà ṣe ṣe nìyẹn." Fóònù ló kù, àti àwọn aládùúgbò, àti pẹpẹ súpámákẹ́ẹ̀tì.

Agolo wàrà mẹ́ta ni mo bá lórí tábìlì ìdáná. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmú kò wá mọ́ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Èkejì, aládùúgbò kan ló ní òun ló wo ọmọ tòun sàn. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n kọ "AR" sí lára, ni ọkọ rẹ̀ sáré lọ rà ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó wọ́n ju méjì àkọ́kọ́ lọ, wọn ò sì tíì ṣí i. Màmá wa ti pè láti Ibadan pé kí wọ́n po ògì díẹ̀ mọ́ wàrà náà kó lè ki. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Soweto ní wàrà sóyà ló máa yanjú ẹ̀. Àbúrò mi jókòó láàárín gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. "Àǹtí, ẹ sáà sọ èyí tí mo máa fún un."

Mi ò sọ. Ìwé Road to Health ọmọ náà ni mo béèrè, ìwé tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní South Africa, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n. A wọṣọ fún un, a gbé e lọ sí kílíníìkì.

Kí n tó sọ ohun tí òṣùwọ̀n sọ, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ọmọ. Níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti bọ́ sínú àpòlúkù, iṣan kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa ẹnu ọ̀nà dé bí oúnjẹ bá ti kọjá tán. Ti ọmọ tuntun kò tíì gbó, ó máa ń ṣí nígbà tí kò yẹ kó ṣí. Olómi ni gbogbo oúnjẹ ọmọ náà, dídùbúlẹ̀ ló sì wà lọ́pọ̀ ìgbà. Wàrà á wá padà sókè, òun àti omi kíkan inú àpòlúkù. Nínú ọmọ mẹ́wàá, ó kéré tán mẹ́rin ló máa ń ṣe báyìí. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan. Bí ọmọ bá ń bì, tó sì ń rẹ́rìn-ín, tó ń tọ̀ dáadáa, tó ń sanra, aṣọ ló ń bàjẹ́, kì í ṣe ọmọ.

Orúkọ àìsàn náà ló ń ṣi àwa òbí lọ́nà. Bí wọ́n bá ti lè sọ pé "acid", ọkàn wa á lọ sí iná tó ń jó ọmọ lọ́fun, a ó sì máa wá oògùn tó máa pa á. Ṣùgbọ́n ẹkún nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ìgbà tí ọmọ máa ń ké jù láyé rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, yálà ó ń bì tàbí kò bì. Àwọn dókítà ọmọdé kò fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ ní oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù nítorí pé ó kàn ń bì, tí nǹkan mìíràn kò sì ṣe é.

Síbẹ̀, èébì kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí ohun tí ọmọ bì bá jẹ́ àwọ̀ ewé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí nǹkan tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọfí, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń ta jáde lẹ́nu bí ìgbà tí èèyàn fi agbára tu omi, lẹ́yìn gbogbo ìgbà tó bá jẹun, pàápàá jù lọ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà jáde nínú àpòlúkù ló ti ki, tí oúnjẹ kò ráyè kọjá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tún ìyẹn ṣe, agolo kankan kò lè ṣe é. Ikùn tó wú tó sì le, ibà, ọmọ tó rẹ̀ tí kò fẹ́ jí, ìlédìí tí kò tutù mọ́, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọmọ tí kò sanra tàbí tó ń rù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: ẹ má dúró de aládùúgbò. Fún àwọn ará Auckland Park, ilé ìwòsàn ìjọba Rahima Moosa, tó jẹ́ ti ìyá àti ọmọ, kò jìnnà, Coronationville ló wà.

Ọmọ tiwa kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Kílò márùn-ún ni òṣùwọ̀n sọ, ìlà tó wà nínú ìwé rẹ̀ sì ń gòkè láìyẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì, obìnrin àgbàlagbà kan tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, bi àbúrò mi pé, "Mélòó lo ń fún un lẹ́ẹ̀kan?" Ó ní mílílítà 150, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́?" Ó ronú. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bó bá ti bì tán, ó máa ń fún un ní òmíràn dípò èyí tó dà nù.

Nọ́ọ̀sì náà ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ọmọ tó ń mu wàrà agolo nìkan máa ń fẹ́ bíi mílílítà 150 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Kílò márùn-ún, 750. Bí a bá pín in sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, mílílítà 150 lẹ́ẹ̀kan, ohun tí agolo sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n 150 lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ń lọ sí 1,200. Ikùn ọmọ náà kún, ó ń tú èyí tó ṣẹ́kù dà. Ó bì, ó ké, ìyá rẹ̀ ro pé ebi ni, ó tún fún un. Kò sí agolo kankan lórí pẹpẹ tó lè wo ìyẹn sàn, àti èyí tó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n.

Àbúrò mi bú sẹ́kún níbẹ̀. Ó ní òun ti ń rò pé ọmú òun tó gbẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní kó ṣe kò ná an ní kọ́bọ̀. Mílílítà 90 sí 100 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́. Kó dúró láàárín ìgò kí ọmọ lè gùnfẹ̀, kó tún dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kó gbé e nàró sí èjìká fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó tẹ́ ẹ. Bó bá bì, kó má fi wàrà mìíràn dípò rẹ̀. Kó má sì bu omi jù tàbí bu ìyẹ̀fun jù: ìwọ̀n ṣíbí inú agolo ni. Ní ti oorun, ẹ̀yìn ni kó fi sùn, lórí ibùsùn tó tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé orí ọmọ tó ń bì ga tàbí kí wọ́n jẹ́ kó sùn sínú àga ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ lè rọ́ sílẹ̀ kí èémí rẹ̀ há.

Ìgbà wo wá ni agolo AR wúlò? Bí ẹ bá ti dín ìwọ̀n oúnjẹ kù, tí ẹ sì pín in kéékèèké, tí èébì ṣì ń da ilé rú, ẹ lè bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sọ ọ́ kí ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Sítáàṣì ìrẹsì tàbí ti àgbàdo, tàbí oje èso igi carob, ni wọ́n fi mú un ki. Òmíràn máa ń ki nínú ìgò, òmíràn ó di inú ikùn kó tó ki. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí wàrà tètè padà sókè, nítorí náà èébì tí ẹ̀ ń rí á dín kù. Kò pa omi kíkan inú ikùn. Ẹ ka ara agolo dáadáa, nítorí ìwọ̀n gbígbóná omi tí wọ́n fi ń po òmíràn yàtọ̀, ọmú rọ́bà tí ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀ ni òmíràn sì ń fẹ́. Ó lè dí àwọn ọmọ kan ní ìgbẹ́, ó sì lè mú kí ti àwọn mìíràn rọ̀. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tó ń mú wàrà ki. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i, dókítà nìkan ló lè sọ tirẹ̀: ní 2011, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn òbí nípa ohun ìmú-wàrà-ki kan, nítorí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ìfun wọn dàrú lẹ́yìn tí wọ́n lò ó.

Ògì Màmá ńkọ́? Mo mọ ọ̀wọ̀ tí ọ̀rọ̀ ìyá ní, ògì náà ló sì tọ́ èmi alára dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, inú ìgò kọ́ ni ògì rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa ki tó, ọmọ lè há a sọ́fun, ó sì ń gba àyè wàrà tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Rírọ ọmọ, ìyẹn ti pé ká dì í lẹ́sẹ̀ mú ká sì máa da oúnjẹ sí i lẹ́nu, mi ò rò pé ó yẹ kí n tún sọ ọ́.

Ti sóyà, wọn kì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà àyàfi tí dókítà bá ní kí wọ́n fún un. Wàrà ewúrẹ́ náà kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ wàrà màlúù, àwọn méjèèjì fara jọ jù. Ara kíkọ wàrà màlúù yìí ni ìgbà kan ṣoṣo tí yíyí irú wàrà padà lè jẹ́ ìwòsàn gan-an. Ó lè jọ èébì lásán, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń bá ara sísú, ẹ̀jẹ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ìgbẹ́ gbuuru wá. Dókítà á fún ọmọ ní wàrà tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí ara bá yá, wọ́n á tún dán wàrà àtẹ̀yìnwá wò láti mọ̀ bóyá òun ni lóòótọ́. Ó wọ́n gan-an, ẹ má fi owó ara yín ṣe àfojúsùn lásán.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò dárúkọ ilé iṣẹ́ wàrà kankan. Òfin wà nídìí rẹ̀. Òfin R991, tí wọ́n gbé jáde ní 6 December 2012, ló fi òpin sí ìpolówó wàrà ọmọdé ní South Africa: kò sí ẹ̀dínwó, kò sí ẹ̀bùn, kò sí àwòrán ọmọ rẹ̀rín-ìn rẹ̀rín-ìn lára agolo. Nàìjíríà ti ṣe tirẹ̀ ní 1990, nígbà tí ìjọba ológun gbé Decree 41 jáde. Mo fara mọ́ òfin náà, nítorí ìpolówó ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ tó pọ̀. Ohun tó kù ni pé ìyá tó ti wà lórí agolo tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ní kílíníìkì, ojú ń tì í. Òfin kò ní kí nọ́ọ̀sì má dá a lóhùn. Ẹ béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ má torí èébì já a gbà. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo bí ọmọ ṣe ń gbá ọmú mú, kí ẹ sì máa jẹ́ kó gùnfẹ̀.

Agolo kẹta yẹn, wọn ò ṣí i rárá. Ọkọ rẹ̀ mú un padà sílé ìtajà pẹ̀lú rìsíìtì. Agolo àkọ́kọ́ ni wọ́n padà sí, kò sì tó ọjọ́ mẹ́wàá tí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ lójúmọ́ fi dín kù sí ìdajì. Màmá pè láti Ibadan, ó béèrè pé ṣé ògì náà ṣiṣẹ́. Àbúrò mi wò mí, ó ní, "Ó ti dáa díẹ̀, Màmá." Ọmọ náà ti pé oṣù méje báyìí, ó ń dá jókòó, ó ti ń jẹ ògì tirẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Nígbà tí mo gbé e ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó tu díẹ̀ sí mi léjìká.