Ọjà Kérésìmesì Gbóná: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Àwọn Ọmọ?

Láti ìgbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé títí di ọjọ́ kejì ọdún tuntun, kò sí ìsinmi fún ìyá ọlọ́mọ tí ó ń tajà, kò sì sí fún ọkọ rẹ̀ bí ọkọ náà bá jẹ́ olùkọ́. Nínú ilé tiwa, méjèèjì ló pàdé. Aṣọ àti bàtà ọmọdé ni mo ń tà ní ọjà Gbági tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ní Ìbàdàn. Bàálé mi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wá lọ́rẹ: Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n ti di ọmọ ọdún méje, àti Ìdòwú tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí àwọn àgbà ń pe ọmọ tí ó bá tẹ̀lé ìbejì. N kò ní tún un sọ níhìn-ín.

Àwọn òyìnbó ní àkókò yìí ni ewé igi ń wọ́ ní ilẹ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ló ń palẹ̀ mọ́, tí ọyẹ́ ń bọ̀, tí owó sì ń sá kúrò lọ́wọ́ ẹni bí ìgbà tí ológbò bá wọ àárín eku.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ilé-ìwé wọlé. Bàtà, báàgì, ìwé, aṣọ ilé-ìwé tí ó ti kúrú dé òkè orúnkún, gbogbo rẹ̀ ń béèrè owó. Oṣù yìí kan náà ni oníṣòwò tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe ń ra ọjà Kérésì sílẹ̀, nítorí bí ó bá di ìparí oṣù Kọkànlá, àwọn tí à ń rà lọ́wọ́ wọn yóò ti gbé owó lé e. Owó kan ṣoṣo ni ó wà nínú àpò, ẹni méjì ló sì ń na ọwọ́ sí i.

Àjọ ni ó ń yọ mí. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kò dá àjọ rí, báyìí ni ó ṣe ń lọ: ẹ ó mú iye kan tí agbára yín gbé, ẹ ó máa san án fún alájọ lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ 31 bá pé, alájọ yóò kó owó ọjọ́ 30 fún yín, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ₦500 lójúmọ́, ₦15,000 ni yóò wọlé sí yín lọ́wọ́. Ọ̀kan tún wà tí à ń pè ní àjọ oúnjẹ, tí à ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, tí à ń kó ní oṣù Kejìlá: ìrẹsì, òróró àti tòmátì alágolo. Ọwọ́ ìyá kan tí mo mọ ilé rẹ̀ ni mo ń dá tèmi sí; mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo sì mọ ilé àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí alájọ bá ti kó owó rẹ̀ sá lọ rí yóò mọ ìdí rẹ̀.

Adìẹ ni ti oṣù Kẹwàá. Ní ìsinmi Òmìnira, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, a máa ń ra òròmọdìẹ mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní adìẹ àgíríìkì. Bí a bá bọ́ wọn dáadáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó kí wọ́n tó pa, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni du adìẹ lọ́jà ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn aládìẹ kì í tilẹ̀ dá ènìyàn lóhùn mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ọmọ a máa sọ wọ́n lórúkọ. Ìdòwú sọ èyí tí ó sanra jù ní Ọ̀gá, ó sì ń kí i ní àárọ̀ kí ó tó kí bàbá rẹ̀. Nígbà tí Townsend àti Freeman jọ ṣe Kérésìmesì ní Àgbádárìgì ní ọdún 1842, n kò rò pé adìẹ tí wọ́n jẹ ní orúkọ.

Ní ti ìkórè ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú àkọ́sórí tí ìbejì ń kà lójú oorun, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Gbogbo òbí ló mọ̀ ọ́n.

ÌGBÀ TÍ ILÉ-ÌWÉ BÁ GBA ỌLIDÉ

Láàrin oṣù Kejìlá ni ilé-ìwé ń gba ọlidé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọjọ́ mẹ́wàá tí ó ṣáájú Kérésì ni ọjà mi ń tà jù nínú gbogbo ọdún. Èrè ọjọ́ mẹ́wàá náà ni a fi ń san owó ilé-ìwé ní oṣù Kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ mẹ́wàá yìí kan náà ni àwọn ọmọ kò ní ibì kan tí wọ́n ń lọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí mo bá mú wọn lọ sí ìsọ̀, kí n tó ka owó oníbàárà kan tán, Ìdòwú yóò ti wọ abẹ́ tábìlì ìsọ̀ kẹta. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ nílé, sítóòfù, kànga àti ojú títì ni mo fi wọ́n lé lọ́wọ́. Bí mo bá sì jókòó tì wọ́n, owó ilé-ìwé dà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tí ó ń dùn wá ní Ìbàdàn títí di òní. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ọdún nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Baṣọ̀run. Wọ́n ní ẹ̀bùn owó àti oúnjẹ wà níbẹ̀. Àwọn ìyá ti gbé ọmọ débẹ̀ láti kùtùkùtù, èrò sì pọ̀ ju àyè lọ. Nígbà tí wọ́n rọ́ lu ara wọn, ọmọ 35 ló kú. Ọjọ́ kẹta rẹ̀, ní ọjọ́ 21, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Àbújá àti ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anámbra, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ Kérésì fún àwọn ènìyàn.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ojúkòkòrò ló gbé àwọn ìyá náà débẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù náà, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé oúnjẹ ti fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́ta, tí ilé-ìwé ti gba ọlidé, tí ẹnì kan wá sọ fún un pé kí ó mú wọn wá ṣeré kí wọ́n sì jẹun yó, ẹ̀bi wo ni ó jẹ bí ó bá lọ? Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ní àkókò tí ọwọ́ òbí dí jù lọ, kò sí ibi tí àwa ará ìgboro ń kó ọmọ wa sí. Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn mi ní ìsọ̀ ní ọjọ́ náà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn náà dé Gbági, mo ka tèmi lẹ́ẹ̀mẹta.

ÀÁRÓ ỌMỌ

Nígbà tí Kérésì ọdún 2025 kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi àti ìyá mẹ́ta tí a jọ wà ní ìlà kan náà lọ́jà jókòó, a sì dá ohun tí à ń pè ní àáró ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ àgbẹ̀ mọ àáró. Àgbẹ̀ mẹ́rin yóò pa ọwọ́ pọ̀. Lónìí wọn a kọ ebè ní oko ẹni kìn-ín-ní, lọ́la ní oko ẹni kejì, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni à ń fi san iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, nítorí ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò fi oúnjẹ àti ohun mímu ṣe àwọn tí ó bẹ̀ lálejò, kò sì sí ọjọ́ tí a dá fún un láti san án padà.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọmọ kéékèèké mọ́kànlá láàrin ara wa. Ìyá kan yóò dúró ti gbogbo wọn nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn mẹ́ta yòókù yóò lọ tajà. Láti Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, títí di ọjọ́ 23, bí a bá yọ Ọjọ́ Ìsinmi kúrò, ọjọ́ mẹ́jọ ni, èyí já sí méjì méjì fún olúkúlùkù. Ní ọjọ́ 24, ìyá ọkọ mi yóò ti dé láti ilé.

Orí ọjọ́ ni ìjà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó fẹ́ jókòó nílé ní ọjọ́ 22 tàbí 23? Ohun tí à ń tà ní ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lè tó ti ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù Kẹfà. A bá kọ àwọn ọjọ́ náà sí ewé ìwé, a ká wọn, a kó wọn sínú igbá, a ní kí Kẹ́hìndé máa mú un. Ọjọ́ 16 àti ọjọ́ 23 ni ó mú fún ìyá rẹ̀. Ọmọ mi ni, n kò lè bá ẹnikẹ́ni jà.

A kọ òfin wa sílẹ̀ nínú ìwé ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá dúró ti ọmọ kò gbọdọ̀ tajà ní ọjọ́ náà, ì báà ṣe lórí fóònù. A kì í dín ohunkóhun lọ́jọ́ àáró, nítorí òróró gbígbóná àti ọmọ mọ́kànlá kò gbọdọ̀ jọ wà nínú ilé kan. Ìyá kọ̀ọ̀kan yóò di oúnjẹ ọmọ tirẹ̀ wá ní òwúrọ̀. Kò sí bángà, kò sí lílọ sí àríyá kankan láìjẹ́ pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́ sí i. A kò sì ní fi ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ àfi ẹni tí ìyá rẹ̀ bá dárúkọ, bí ẹni náà tilẹ̀ sọ pé àbúrò bàbá ọmọ ni òun.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wa, tí n kò ní dárúkọ, rán ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá dípò ara rẹ̀, ó ní ọmọ náà gbọ́n. Lóòótọ́ ni ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ kéékèèké mọ́kànlá kì í ṣe ẹrù tí à ń gbé lé ọmọ lórí. A sọ fún un pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú wá gbé ọmọ tirẹ̀ o. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ìyá ti padà sílé. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá yá ṣéńjì lọ́wọ́ mi.

Ó wá ku bàálé mi. Nígbà tí ó yẹ ìwé ìdánwò wò tán, tí ó sì kọ èsì àwọn ọmọ tán, ó ní òun yóò gba ọjọ́ 23 lọ́wọ́ mi. Ìyá kan ní rárá, àáró obìnrin ni. Mo bi í pé ọkùnrin tí ó ń kojú kíláàsì ọmọ 50 láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kí ni mọ́kànlá jẹ́ lójú rẹ̀? Ó wá rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ náà, mo ta gbogbo bàtà funfun tí ó wà ní ìsọ̀ mi, kò ku ẹyọ kan. Nígbà tí mo dé ní alẹ́, mo bá àwọn ọmọ lórí ìlà, láti orí ẹni tí ó kúrú jù dé orí ẹni tí ó ga jù. Wọ́n ti pa àlọ́ ìjàpá mẹ́rin, wọ́n ti ta ayò, wọ́n sì ti ka ìsọdipúpọ̀ oní-méje láìdúró. Ìdòwú fà mí lẹ́wù, ó ní kí ìyá ẹlòmíràn wá lọ́la, jọ̀wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọkùnrin tí ẹ ń ka èyí, ọlidé tiyín àti ti àwọn ọmọ, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ìyàwó yín ní ọjọ́ tí ọjà rẹ̀ ń tà jù, kí ẹ sì gba ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kù. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá yìí ń gbẹ ewé, ó ń gbẹ ètè ọmọ, ó sì ń gbẹ igi ìsọ̀ wa títí ẹ̀ṣẹ́ iná kan yóò fi tó láti jó ìlà kan. Òrí ni a fi ń ra ọmọ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, a sì ń fún wọn ní omi mu kí wọ́n tó béèrè. Ní ìsọ̀, èmi fúnra mi ni mo ń pa iná àti ẹ̀rọ amúnáwá kí n tó ti ilẹ̀kùn. N kì í rán ọmọ iṣẹ́.

Kérésì fúnra rẹ̀ dùn. Kí a tó jẹun, ìbejì ti gbé abọ́ ìrẹsì lọ fún Alhaja tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa àti fún àwọn ilé Mùsùlùmí mẹ́ta yòókù, nítorí ẹran Iléyá tiwọn kì í fò wá. Ní ti Ọ̀gá, Ìdòwú kọ̀ láti jẹ níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ní alẹ́, ó béèrè bóyá itan rẹ̀ ṣì kù.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní, mo jókòó, mo ka owó. Ti ilé-ìwé ìbejì pé, ti Ìdòwú ku díẹ̀, àjọ oṣù náà sì dí i. Ìyá karùn-ún ti ní òun fẹ́ wọ àáró wa fún Kérésì tí ń bọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni ó ní, akọ ni gbogbo wọn. A kò tíì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan.