Ìlọ́po 20: Láti Èbúté Lekki dé Ẹnu Wa

Ní èbúté Lekki, tí wọ́n ṣí ní 2023, kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 àti 40 ló wọ́pọ̀. Àyè tí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 méjì gbà ni 40 kan máa ń gbà, nítorí náà méjì ni wọ́n ń kà á sí. 40 jẹ́ ìlọ́po 20: 20 lọ́nà 2, láìsí àṣẹ́kù.

Orúkọ òǹkà wa ti sọ ọ́: ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin. Àádọ́ta ńkọ́? Ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni. Bí a bá fi 20 pín in, 10 á ṣẹ́kù. Kì í ṣe ìlọ́po 20.

Ẹ ṣọ́ra nínú ìdánwò: 10 kì í ṣe ìlọ́po 20, 20 ni ìlọ́po 10.