Ọjà Ìpín Tí Ó Wó ní Ọdún 2008, àti Ẹni Tí Kò Ra Ìpín Rárá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ọkùnrin kan tí ó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà ní Àgbàdo wa níhìn-ín wá bá mi lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ka ohun tí ó wà nínú ìwé ìròyìn yìí. Wọ́n ní ọjà ṣíà ni ó wó tí owó fi wọ́n nílùú. Èmi kò ra ṣíà rí. N kò tilẹ̀ mọ ibi tí ọjà náà wà. Kí ni ó wá dé tí n kò fi rí búlọ́ọ̀kù tà láti ìgbà Kérésìmesì?" Mo dá a lóhùn bí mo ti lè ṣe, ṣùgbọ́n èsì mi kò tẹ́ èmi pàápàá lọ́rùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, èyí tí mo sì rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí ìbéèrè ọkùnrin náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ìpín jẹ́. Bí ogún ènìyàn bá dá owó jọ, tí wọ́n fi ra oko kòkó kan, olúkúlùkù wọn ni ó ní ìdá kan nínú ogún oko náà. Nígbà tí a bá ta kòkó, wọn yóò pín èrè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ owó rẹ̀ padà, kò lè hú igi kòkó tirẹ̀ lọ. Ó ní láti wá ẹni tí yóò ra ipò rẹ̀. Ibi tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń pàdé ni ọjà ìpín. A dá ti Èkó sílẹ̀ ní 1960, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní 1961. Kò sí àléébù nínú èyí. Àléébù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn kò wo oko mọ́, tí wọn kò béèrè iye kòkó tí ó so, bí kò ṣe iye tí ẹlòmíràn yóò san fún ipò wọn lọ́la.

Ní oṣù keje 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, tí í ṣe gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò tí ó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù 2 ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 ni ó wà. Nígbà tí àkókò pé, 25 ni ó kù. Láti rí owó yìí ni àwọn báńkì fi gbé ìpín tọ gbogbo ènìyàn lọ. Fọ́ọ̀mù dé ọjà, ó dé ilé-ẹ̀kọ́, mo sì rí i tí a ń pín in lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Owó ìpín sì ń gòkè. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn iye gbogbo ìpín ọjà Èkó dé 66,371 ní oṣù kẹta 2008.

Bí mo bá ní èmi kò sí níbẹ̀, irọ́ ni mo pa. Mo rà. Ọwọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ ni mo ti yá owó náà. Báńkì tí mo ra ìpín rẹ̀, n kò ní dárúkọ.

Ọdún náà kò tíì parí tí nǹkan fi yí padà. Àwọn àjèjì tí ó ti kó owó wọ ọjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde, nítorí wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé owó ńlá Lehman Brothers ti wó ní oṣù kẹsàn-án 2008. Àgbá epo rọ̀bì tí ó ti dé dọ́là 147 ní oṣù keje kò tó dọ́là 40 mọ́ ní oṣù Kérésìmesì. Ní oṣù kìíní 2009, òṣùwọ̀n ọjà Èkó ti sọ̀ kalẹ̀ ju 22,000 lọ: nínú náírà mẹ́ta, méjì ti lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé owó tí olúkúlùkù fi pamọ́ ni gbogbo wọn fi ra ìpín, àwọn nìkan ni ìbá sunkún. Ṣùgbọ́n owó yíyá ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn báńkì ti yá àwọn alágbàtà àti àwọn ọlọ́rọ̀ lówó láti fi ra ìpín, wọ́n sì gba ìpín náà gan-an ṣe ìdógò. Àwọn báńkì kan tilẹ̀ yá ènìyàn lówó kí ó fi ra ìpín báńkì náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí mo bá yá yín lówó, tí ẹ fi oko dógò, tí iná sì jó oko náà, gbèsè ṣì wà, ìdógò ti lọ. Báńkì ké sí ajigbèsè pé kí ó wá san owó. Ajigbèsè sáré lọ ta ìpín. Títà náà mú kí iye rẹ̀ tún já. Báńkì tún ké sí ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹjọ 2008, àṣẹ jáde pé ìpín kankan kò gbọdọ̀ sọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Àwọn tí ó fẹ́ tà pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ra ohun tí ó mọ̀ pé yóò tún já lọ́la? Oṣù kẹwàá ni wọ́n fi àṣẹ náà sílẹ̀.

Ẹ wá wo bí ó ti dé Àgbàdo. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, ilé tuntun ń hù ní ìhà tiwa bí olú. Àwọn kan nínú àwọn tí ń kọ́ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ní Èkó tí ìpín wọn ti di ìlọ́po méjì. Wọn a ta díẹ̀, wọn a fi ra ilẹ̀. Wọn a ta díẹ̀ sí i, wọn a fi gbé ilé dé ojú fèrèsé. Nígbà tí iye ìpín já, ilé dúró sí ojú fèrèsé. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì tí báńkì máa ń yá lówó lọ sí báńkì, wọ́n ní kí ó san ti àtẹ̀yìnwá ná. Nítorí náà òun náà kò tajà àwìn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkùnrin búlọ́ọ̀kù wa kò pe típà yanrìn. Bíríkìlà àti káfíńtà jókòó sílé. Ìyá tí ó ń ro ẹ̀bà fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, tí ó máa ń ra àpò gàrí mẹ́ta lọ́sẹ̀, wá ń ra ẹyọ kan, ó sì ń dúnàádúrà lórí ẹyọ kan náà. Onígàrí padà sí oko lọ sọ fún àgbẹ̀ pé òun kò nílò ẹrù tó ti tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ yẹn kò ra ìpín, kò yá owó, kò sì mọ Lehman Brothers.

Àwọn baba wa ti rí irú rẹ̀ rí. Ní Ìjàn lẹ́bàá Agége, tí kò jìnnà sí wa, ni J. P. L. Davies ti gbin kòkó ní nǹkan bí 1880, láti ìgbà náà sì ni kòkó ti so àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá mọ́ ọjà òkè òkun. Ní oṣù kẹwàá 1929, ọjà ìpín New York wó. Níbẹ̀ náà, owó yíyá ni ọ̀pọ̀ fi ra ìpín. Òṣùwọ̀n wọn tí ó jẹ́ 381 ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà di 41 ní oṣù keje 1932; ẹgbẹẹgbẹ̀rún báńkì ti ilẹ̀kùn; nígbà tí yóò fi di 1933, bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni kò níṣẹ́. Amẹ́ríkà ni ó ń ra kòkó jù lọ ní ayé nígbà náà, ẹni tí kò níṣẹ́ kì í sì í ra ṣokoléètì fún ọmọ. Láàrin ọdún díẹ̀, owó kòkó níhìn-ín kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé igi kọ̀ láti so. Ńṣe ni àwọn àgbẹ̀ tún ń kó kòkó púpọ̀ sí i wá sí ọjà. Àwọn kan fi oko dógò, àwọn kan fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà.

Ní ti ìgbà tiwa, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2009 ni Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà tuntun ti Báńkì Àpapọ̀, yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún kúrò: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Bílíọ̀nù 420 náírà ni a fi gbé báńkì márààrún ró. Ní oṣù kẹwàá, a tún yọ ọ̀gá báńkì mẹ́ta, a sì fi bílíọ̀nù 200 kún un. Ní 2010 a dá AMCON sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tí ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì. A kò dá nǹkan kan sílẹ̀ tí yóò ra búlọ́ọ̀kù tí òjò ń pa.

Ọkùnrin náà ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjì tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó wà ní kíláàsì mi, jókòó sílé fún odindi ọdún kan. Nígbà tí ó padà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ síwájú. A gé owó oṣù mi fún oṣù 24 kí gbèsè ẹgbẹ́ tó tán. Ìwé ẹ̀rí ìpín náà ṣì wà nínú àpótí mi, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀.