Yíyan Ráṣẹ́ẹ̀tì àti Ìmpáàtì Alátẹ́gùn fún Iṣẹ́ Fẹ́ẹ́rẹ́

Ráṣẹ́ẹ̀tì alátẹ́gùn àti ìmpáàtì kékeré ni irinṣẹ́ méjì tí mẹkáníìkì sábà máa ń so mọ́ ẹnu hóòsì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì tó fẹ́ tú bá pọ̀. Ráṣẹ́ẹ̀tì rí gbọọrọ bí èyí tí a ń fi ọwọ́ fà. Orí rẹ̀ tó ń gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ó sì máa ń wọ ibi tó há gádígádí tí ọwọ́ kò ti ráyè fi sípánà yí. Ìmpáàtì ní tirẹ̀ dà bí ìbọn ìléwọ́. Irú rẹ̀ tó tóbi ni fọkanáísà fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà lẹ́bàá títì. Àwọn olùtajà máa ń tò wọ́n sórí tábìlì kan náà bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú wọn kò jọra, ibẹ̀ sì ni ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń mú àwọn méjèèjì yí kò yàtọ̀. Àgbá irin kékeré kan wà nínú wọn, irin róbótó kan sì ń yí nínú àgbá náà. Irin yìí kò dúró ní àárín gan-an. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn abẹ pẹlẹbẹ tó wà lára rẹ̀ ń wọlé, wọ́n ń jáde, kí ẹnu wọn lè máa fara kan ògiri àgbá nígbà gbogbo. Atẹ́gùn tó bá wọlé á máa ti àwọn abẹ náà láti ibi tó há lọ síbi tó fẹ̀, irin á sì máa yí pẹ̀lú eré ńlá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà pín. Nínú ráṣẹ́ẹ̀tì, jíà ń dín eré náà kù títí yóò fi ku nǹkan bíi 150 sí 300 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ á sì lọ tààrà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ọ̀tì bá wá le mọ́lẹ̀ lójijì, agbára tí kò rí ibi gbà yẹn á padà sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú. Ráṣẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni yóò yí dípò nọ́ọ̀tì, yóò sì ká ìka mọ́ ara ráídétọ̀ tàbí ara ẹ́ńjìnnì. Ìmpáàtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òòlù irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń sáré yí, tó ń gbá irin tó di sọ́kẹ́ẹ̀tì mú, tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, tó tún ń gbá a, ní ìgbà tó lé ní 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbá kọ̀ọ̀kan kò pẹ́ rárá, nítorí náà ìgbọ̀nrìrì ni ọwọ́ máa ń gbọ́, kì í ṣe ìfàyí. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè fi ọwọ́ kan di ìmpáàtì tó ní 400 Nm mú, tí ráṣẹ́ẹ̀tì 70 Nm sì lè yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sódì.

Nm yìí ni a fi ń wọn agbára ìyí. Bí a bá fi ẹrù 10 kg kọ́ ìpẹ̀kun sípánà tó gùn ní mítà kan, agbára tó ń yí nọ́ọ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 Nm. Ft-lb ni wọ́n máa ń kọ sára irinṣẹ́ tó bá ti Amẹ́ríkà wá. Tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 1.36, Nm la rí. Nọ́ńbà yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ máa ń kọ gàdàgbà sára páálí, òun náà ló sì ń tan oníbàárà jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo nọ́ọ̀tì tí a ń pè ní fẹ́ẹ́rẹ́. Lára Toyota tó kún títì Èkó àti Ìbàdàn, nọ́ọ̀tì tí sípánà 10 ń tú ló pọ̀ jù, 12 àti 14 sì tẹ̀ lé e. Bóòtì alórí 10 máa ń jẹ́ M6, èyí tí irin rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 6 péré. Bóòtì M6 onígíréèdì 8.8 kò fẹ́ ju nǹkan bíi 10 Nm lọ. Alórí 12, tó jẹ́ M8, ń fẹ́ bíi 25 Nm. Alórí 14, tó jẹ́ M10, ń fẹ́ bíi 50. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, tó ti kúrò ní iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ń fẹ́ 103. Tí irin tí bóòtì wọ̀ bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ìfúnpọ̀ máa ń kéré ju báyìí lọ.

Ráṣẹ́ẹ̀tì alátẹ́gùn tó kéré jù, èyí tí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ 1/4 íǹṣì, sábà máa ń ní láàárín 25 sí 40 Nm. Èyí tó jẹ́ 3/8 íǹṣì ń ní nǹkan bíi 50 sí 90. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èyí tó kéré jù pàápàá ti ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́rin ohun tí bóòtì alórí 10 ń fẹ́. Ìmpáàtì 3/8 kúkúrú tó ní 300 Nm lè já irú bóòtì bẹ́ẹ̀ kí ìka tó kúrò lórí tírígà, ìdajì bóòtì á sì há sínú orí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń wá agbára tó pọ̀ jù fún iṣẹ́ kékeré ń fi owó ra wàhálà ni. Fún títú, agbára púpọ̀ kò burú. Ní dídè ló ti ń bàjẹ́. Ìdí rèé tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi máa ń fi ọwọ́ lásán kó bóòtì sínú ihò títí tírẹ́ẹ̀dì yóò fi gbá a mú dáadáa, kó tó wá jẹ́ kí atẹ́gùn sáré yí i wọlé. Nígbà tí orí bóòtì bá ti kanlẹ̀, á gbé ráṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, á sì fi sípánà oníwọ̀n parí rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún ńkọ́? Ráṣẹ́ẹ̀tì alátẹ́gùn kò sí fún ìyẹn. A lè fi ọwọ́ fà á díẹ̀ bíi ráṣẹ́ẹ̀tì lásán kí nọ́ọ̀tì fi dẹ̀, kí a tó tẹ tírígà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi páìpù bọ ìdí rẹ̀ láti fi kún agbára yóò fọ́ eyín inú orí rẹ̀. Ìmpáàtì ló ni irú iṣẹ́ yẹn. Fún àyè kékeré, oríṣi ìmpáàtì kan wà tí orí rẹ̀ kúrú gan-an, òmíràn sì wà tí tírígà rẹ̀ rí bí ìyẹ́ labalábá, tí àtàǹpàkò kan lè fi yí síwá tàbí sẹ́yìn. Èyí tó rí bíi labalábá yìí kò lágbára tó ìyókù, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dára fún bóòtì kéékèèké.

Bí owó bá ká ẹyọ kan ṣoṣo, ráṣẹ́ẹ̀tì 3/8 ni kí ènìyàn kọ́kọ́ rà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì láti 8 títí dé 19 ló ń gbé, iṣẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. 1/4 dùn fún dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ráṣẹ́ẹ̀tì 1/2 wúwo, orí rẹ̀ sì nípọn débi pé kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibi tí a tìtorí rẹ̀ rà á.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ jù lọ irinṣẹ́ yìí ni a ṣe fún atẹ́gùn tó le tó 90 psi, ìyẹn bíi 6.2 bar, ìdí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ la sì ti ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí tírígà wà ní títẹ̀. Gégì orí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè fi 110 hàn kí ohun tó dé ọwọ́ má sì ju 70 lọ, bí hóòsì bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn. Hóòsì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní 3/8 íǹṣì, tó jẹ́ bíi mìlímítà 10, ló yẹ. Hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi fẹ́ táyà kò ní jẹ́ kí ráṣẹ́ẹ̀tì tó dáa jùlọ ṣiṣẹ́.

Bí atẹ́gùn ṣe ń le nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, iye rẹ̀ náà ńkọ́. Cfm ni wọ́n fi ń kọ ọ́. 1 cfm jẹ́ lítà 28 ní ìṣẹ́jú kan. Bí páálí bá sọ pé ráṣẹ́ẹ̀tì ń lo 4 cfm, ohun tí wọ́n sábà máa ń rò níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni tírígà yóò fi wà ní títẹ̀ nínú ìṣẹ́jú kan. Tí a kò bá dá a dúró, yóò fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi lítà 450. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kékeré oní-lítà 24 tí ń fa bíi lítà 120 ní ìṣẹ́jú kan yóò bọ́ sílẹ̀ láti 8 bar dé 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 9. Bóòtì M6 tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gùn ní mìlímítà 20 ń fẹ́ ìyípo 20, èyí tí ráṣẹ́ẹ̀tì yóò fi bíi ìṣẹ́jú àáyá 6 ṣe. Ká kúkú sọ pé bóòtì kan, kí a dúró, bóòtì mìíràn, kí a tún dúró. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe nílé lè fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà kò lè fara mọ́ ọn.

Níbi tí irinṣẹ́ ti so mọ́ hóòsì, ohun kékeré kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ẹnu irinṣẹ́ tó bá ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń ní tírẹ́ẹ̀dì NPT, tí eyín 18 wà nínú íǹṣì kan níbi ẹnu 1/4; BSP ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 19. Wọ́n á wọ ara wọn díẹ̀, wọ́n á há, atẹ́gùn á sì máa jò. Kí a béèrè irú èyí tó jẹ́ lọ́wọ́ olùtajà sàn ju kí a máa fi tépù wé e lọ.

Omi ni ọ̀tá irinṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ máa ń jọ̀wọ́ omi tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá tutù, pàápàá lásìkò òjò, omi náà á sì kó jọ sí ìsàlẹ̀ àgbá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí a kò bá ṣí ìdí àgbá kí ó dà nù lálaalẹ́, yóò gba inú hóòsì dé ara àwọn abẹ pẹlẹbẹ yẹn, wọn yóò wú, irin yóò dógùn-ún, irinṣẹ́ yóò sì di òkú. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójúmọ́, kí a kán òróró irinṣẹ́ alátẹ́gùn bíi ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nípọn jù, èròjà inú rẹ̀ sì ń mú kí abẹ lẹ̀ mọ́ ojú ihò wọn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dán tí a ń fi ọwọ́ lò lè bá ráṣẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ dé ẹnu ìmpáàtì, nítorí ó lè fọ́ kó sì ta sójú. Dúdú tí ògiri rẹ̀ nípọn ni ti ìmpáàtì. Ariwo irinṣẹ́ wọ̀nyí sábà máa ń kọjá 85 dB, nítorí náà kí a dí etí, kí a sì lo gíláàsì ojú. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde tún ṣe pàtàkì: èyí tó ń tú jáde níwájú yóò máa fẹ́ eruku sí ojú ẹni tó sùn sábẹ́ ọkọ̀.

Tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà, òmíràn sì dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Kí a fi ọwọ́ yí ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, orí rẹ̀ ti jẹ. Kí a dán ìyípo síwá àti sẹ́yìn wò, kí a sì tẹ tírígà díẹ̀díẹ̀ láti mọ̀ bóyá eré rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìka. Tí ohun tó kù bá dáa, tó jẹ́ pé abẹ pẹlẹbẹ nìkan ló ti jẹ, a lè pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ń rí i rà.

Ẹni tí kò tíì ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò gbọdọ̀ torí ráṣẹ́ẹ̀tì kan ra ọ̀kan. Ráṣẹ́ẹ̀tì oníbátìrì ń tú bóòtì alórí 10 àti 12 bákan náà, kò fẹ́ hóòsì, kò sì fẹ́ omi dídà. Ẹni tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni alátẹ́gùn tọ́ sí: iye rẹ̀ sábà máa ń dín, kì í gbóná, kò sì sí bátìrì tí yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́.